Rótò Ọkọ̀ Alábahun

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó jáde ní 2003 sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù, ohun tí ó ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ipa tí àwọn oníròyìn ń kó nínú ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn, a ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú èmi tí mo jẹ́ oníròyìn pàápàá. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá lónìí. Bí ó bá dun akọ̀wé, kí ó forí jì mí. Ó ní ìdí tí mo fi yàn án, ẹ ó sì gbọ́ ìdí náà kí n tó jókòó.

Lẹ́yìn tí mo parí ní Pólì, tí mo fi ọdún mélòó kan sá kiri fún ìròyìn ní Ìbàdàn àti Èkó, èmi náà jápa. Ìlú Leeds ni mo ń gbé báyìí, ní ẹkùn Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ilé tó fara ti tèmi. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fítà ni ní gáréèjì bọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá ń wà lábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo Sátidé, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe ni. Mo bá kí i lọ́jọ́ kan, mo ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí ló tún bà jẹ́?” Ó yọ orí jáde, ó ní kò sí ohun tó bà jẹ́. Ó ní òun kàn ń wò ó ni.

Morris Minor ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1967. Ẹ̀yin àgbà inú wa, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mọ́rísì kékeré! Ọkọ̀ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba láyé ọjọ́un, tí ìjọba á yá wọn lówó rà, tí wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ ni Alec Issigonis, ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1906 ní Smyrna, ìlú tí a mọ̀ sí Izmir ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Òun kan náà ló ṣe Mini ní 1959. Bàbá aládùúgbò mi sọ ìtàn kan fún mi nípa rẹ̀, mo sì lọ wádìí rẹ̀ bí oníròyìn ti í ṣe, mo rí i pé òótọ́ ni. Nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́ parí lórí ọkọ̀ náà, Issigonis wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n la èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fa apá méjèèjì kúrò lára ara wọn títí tí ojú òun yóò fi gbà á. Íǹṣì mẹ́rin ni wọ́n fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ilà fífẹ̀ kan fi là á láàárín lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lord Nuffield tó ni ilé iṣẹ́ náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó ní ó jọ ẹyin bíbọ̀. Wọ́n gbé ẹyin bíbọ̀ náà jáde ní 1948, nígbà tí wọn yóò sì fi dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ti ṣe é ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ.

Òfin ìlú náà fi àyè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tó ni ín lè gba ìwé tí kò fi ní san owó-orí ọkọ̀. Láti 2018 sì ni wọn kò ti fi dandan mú un fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, bí a kò bá ṣáà ti yí i padà kúrò ní bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n epo ni wàhálà. Láti 2021, èyí tó pọ̀ jù nínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni wọ́n ti pò mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí sì ni nǹkan yẹn, ó máa ń jẹ rọ́bà inú ọkọ̀ àtijọ́. Nítorí náà, epo tó wọ́n jù ni bàbá ń rà. Mo bi í pé ṣé kò ń dùn ún. Ó ní mélòó ni òun ń rà lóṣù?

Bàbá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á wakọ̀ lọ sí ìgbèríko fún ọjọ́ méjì, wọ́n á sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n á sì padà wálé. Kì í ṣe ìdíje o. Ẹni tó bá sáré ti tẹ́. Ìyàwó bàbá ló máa ń jókòó tì í láti ka ìwé ọ̀nà fún un, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo ń wí yìí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún mama ní orúnkún ni. Bàbá wá kanlẹ̀kùn mi. Ó ní ṣé mo lè kàwé nínú ọkọ̀ tó ń mì? Mo ní sà, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà, nítorí òun ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Kò sí máàpù nínú rẹ̀. Àwòrán wínníwínní ló kún inú rẹ̀: àmì róbótó kan ni ibi tí o ti ń bọ̀, ọfà ni ibi tí o ń lọ, àwọn ilà tó kù ni ọ̀nà tí o kò gbọdọ̀ yà sí. Iye máìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Túlíìpù ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, láti ara ìdíje ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands tó ń jẹ́ orúkọ òdòdó yẹn. Èmi tí mo gba B3 nínú Jọ́gíráfì, tí olùkọ́ wa wà ní ìjókòó níbí tí ó lè jẹ́rìí sí i, mo ka ọfà kan sódì, mo ní kí bàbá yà sí apá òsì. Bàbá yà. Ọkọ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà yà. Àgbàlá àgbẹ̀ kan ni gbogbo wa bá ara wa, láàárín àwọn adìẹ. Ajá ń gbó wa. Ìyá tó ni oko náà jáde pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ó wò wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe bí a ó ṣe fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọlọ́pàá ojú pópó.

Ọkọ̀ méjìlélógún ni a jáde láti ìlú Skipton ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, nínú oṣù kẹfà. MG wà níbẹ̀, Triumph wà níbẹ̀, obìnrin kan wa Austin A35 ti 1957. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àgbàlá adìẹ yẹn, ohun mìíràn ni wọ́n fi mọ̀ mí. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní bọ́dìn, ẹ mọ ìró yẹn. Kò sí ọkọ̀ mìíràn láyé tó ń dún bẹ́ẹ̀. Volkswagen, Ìjàpá, aláwọ̀ mílíìkì. Àyà mi já. Mo yí ojú padà bí ẹni tí kò rí i, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀nà náà dára láti wò. Ó tẹ̀ lé odò Wharfe gba Grassington, ó kọjá lábẹ́ àpáta ńlá kan ní Kilnsey tó yọrí síta bí òrùlé, ó dé Kettlewell, ó dé Buckden. Gbogbo orí òkè ni wọ́n fi ògiri òkúta pín sí pápápápá, láìsí sìmẹ́ǹtì kankan nínú rẹ̀. Òkúta lórí òkúta ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àwọn babańlá wọn. Àgùntàn ló ni títì. Bí àgùntàn bá dúró, ẹ̀yin náà ẹ dúró. Bí mo ṣe ń wo àwọn òkè wọ̀nyẹn ni ọkàn mi ń lọ sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, àyàfi pé tiwọn kò ní igi lórí. Ó dà bí orí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Lẹ́yìn Buckden ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gun Fleet Moss. Nínú àwọn ọ̀nà ọlọ́dà tó wà ní Yorkshire, òun ló ga jù. Ó tó mítà 589 sókè òkun. Bàbá fi jíà sí méjì, ó fi sí ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì ń kérora. Mo rí iná pupa kan tó yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì ń ronú bóyá kí n sọ tàbí kí n má sọ, nígbà tí bàbá ti dá ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ koríko. Fáànù bẹ́líìtì ti já. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo yẹn ló ń yí dínámò, òun ló ń yí fáànù àti ohun tó ń ta omi sí ara ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi agídí wà á lọ, òkè yẹn á jó o gbẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kò sí ọkọ̀ tó kọjá wa. Kò sí ọ̀kan. Gbogbo wọn tò sẹ́yìn wa lórí òkè, ìjì ń fẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bá dúró, gbogbo ẹgbẹ́ ti dúró nìyẹn. Obìnrin ọlọ́kọ̀ Austin mú bẹ́líìtì tuntun jáde láti inú búùtù rẹ̀. Ó bọ́ sí i bí ẹni pé tirẹ̀ ni, nítorí irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n fi sínú Austin kékeré àti Morris Minor láti 1952, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan. Bàbá fẹ́ sanwó. Obìnrin náà ní kí ó jọ̀ọ́, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bàbá kan náà ló fún òun ní pílọ́ọ̀gì. Ẹnìkan mú tíì jáde láti inú fúláàsì. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi dúró níbẹ̀, mo sì ń wo Ìjàpá aláwọ̀ mílíìkì yẹn tó dúró sẹ́yìn pátápátá, tí ẹni tó ni ín fi ẹ̀yìn tì í, tó ń mu tíì.

A sùn ní Hawes. Ìlú kékeré ni, wàràkàṣì ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Ní 1992, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wàràkàṣì náà nígbà náà tì í pa, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn kó owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì tún ṣí i. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Mo jẹ nínú wàràkàṣì náà. Ẹ má bi mí bí ó ṣe rí. Wàrà Fúlàní ni mo mọ̀.

Nígbà tí a jẹun tán, mo tẹ̀ lé bàbá jáde láti lọ wo ọkọ̀ kí a tó sùn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí dísírábútọ̀, ó fa nǹkan kékeré kan yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì jù ú sápò. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ báyìí.” Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú mi. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ó tó ogún ọdún tí mo ti rí irú nǹkan yẹn kẹ́yìn, inú àpò tèmi ló sì wà nígbà náà.

Ẹ̀yin tí kò mọ̀, rótò ni à ń pè é. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Iná láti ara kọ́ìlì ló máa ń wá bá a. Òun yóò sì máa yí, yóò máa pín in fún pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ta sítáátà títí bátìrì yóò fi kú, ọkọ̀ kò ní jí. Ẹnìkan láàárín wa ló kọ́ wa ní èyí, ọmọ rẹwáyà ni. Ẹ má wò yíká o. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta ni wọ́n, èmi ìkẹrin, gbogbo wọn ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí, bàtà wọn ni wọ́n sì ń wò báyìí.

Ọ̀gá Físíìsì wa jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn. Sà, ẹ dákun, ẹ mọ̀ pé Alábahun ni a máa ń pè yín lẹ́yìn, nítorí ọkọ̀ yín. Volkswagen aláwọ̀ mílíìkì, tí ẹ sọ fún wa ní kíláàsì pé ẹ rà ní 1981, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó láti 1975. Ẹ fi kọ́ wa pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, pé kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Lálẹ́, ọkọ̀ yẹn ni ẹ fi ń lọ láti ẹnu géètì dé ọ̀nà ilé ìwé àwọn obìnrin, iná iwájú rẹ̀ á máa wá àwa tí a fo fẹ́ńsì. Kò sí ẹni tó bọ́.

Ní oṣù kẹta 2003, àwọn obìnrin yẹn ń ṣe ìdágbére fún àwọn SS3 wọn ní alẹ́ Sátidé kan. A ti rán aṣọ. Nígbà tí a wà ní pírẹ́ẹ̀pù ìrọ̀lẹ́, àwa mẹ́rin yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé ọ̀gá. Ìdérí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ẹ̀yìn ló wà, ti ọkọ̀ ọ̀gá kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú méjì. Èmi ni mo fa rótò yọ, èmi ni mo fi sápò. Ìpinnu wa ni pé a ó dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fo fẹ́ńsì wọlé ní nǹkan bí aago méjì òru, mo ki ọwọ́ bàpò, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bóyá inú ijó ni ó ti já bọ́, bóyá inú igbó ni. A fi tọ́ọ̀ṣì wá a títí bátìrì fi kú.

Ní ìdájí ọjọ́ Sọ́ńdè, ọlọ́kadà kan gbé ènìyàn wọ inú ọgbà. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa bọ̀, pé àìsàn ìyá wọn ti le. Ọ̀gá jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ta á, kò jí. Wọ́n tún ta á. Wọ́n wá ní kí a pe àwọn ọmọ láti bọ́dìn kí wọ́n wá tì í.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi náà wà lára àwọn tó tì í.

Mo ti Ìjàpá yẹn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé bí a tì í dé Iléṣà, kò lè jí. Ọ̀gá ń pariwo látinú ọkọ̀ pé “Ẹ tún tì í, ẹ tún tì í, ó fẹ́ jí!” Àwọn ọmọ JSS kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n ń fi gbogbo agbára wọn tì í. Mo rò pé n ó sọ̀rọ̀. N kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mẹkáníìkì tó dé, ó ṣí i, ó sì rí ohun tí kò sí níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń ta rótò Volkswagen ní ọjọ́ Sọ́ńdè? Ọ̀gá wọ aṣọ, wọ́n gun ọkadà lọ sí oríta. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé inú bọ́ọ̀sì akérò ni wọ́n gbé ìyá wọn sí lọ sí ọsibítù ní Iléṣà, àti pé wọ́n dúró ní oríta pẹ́ kí ọkọ̀ kankan tó dá wọn lóhùn, ìyá náà jókòó lórí àpótí alásè kan.

Ìyá yẹn gbádùn. Mo dúpẹ́ fún un lójoojúmọ́, nítorí bí kò bá gbádùn ni, n kò mọ ẹnu tí n bá fi dúró níbí. Ṣùgbọ́n orí òkè Fleet Moss, nígbà tí mo rí ọkọ̀ ogún tó dúró nítorí bẹ́líìtì bàbá kan, tó jẹ́ pé ìgbafẹ́ lásán ló ń lọ, àpótí alásè yẹn ni mo ń rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Tusidé, ọ̀gá dúró níwájú wa ní asẹ́ńbílì. Wọn kò mú pàṣán dání. Wọ́n ní, “Ẹni tó mú nǹkan inú ọkọ̀ mi, kí ó gbé e sórí tábìlì mi. N kò ní bi í ní nǹkankan.” Wọn kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan sórí tábìlì yẹn. Nígbà tí mo sì fẹ́ wọ Pólì, tí wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá, ọwọ́ ta ni mo ti gbà á? Ọwọ́ ọ̀gá Físíìsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo jẹ́ ọmọ tó ṣeé fọkàn tán. Mo ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé.

N kò ní fi ọjọ́ kejì ìrìn àjò wa dá yín dúró. Òjò ló rọ̀. A lọ wo afárá ojú irin tó wà ní Ribblehead, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1870, ojú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún, àwọsánmà sì ti gbé ìdajì rẹ̀ mì. Waípà Mọ́rísì yẹn ń lọ jẹ́jẹ́ bí àgbà tó ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní Hawes láàárọ̀, bàbá yọ rótò láti inú àpò, ó ní kí èmi fi sí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé Skipton, èmi ni mo lọ bá ọkùnrin tó ni Ìjàpá, mo bi í níbi tí ó ti ń ra ohun èlò rẹ̀. Ó sọ fún mi fún odidi wákàtí kan. Ó tilẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe Ìjàpá ìkẹyìn láyé, ní Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ. Ọdún tí àwa jáde. Kò mọ ìdí tí mo fi ní kí ó tún ọdún náà sọ.

Nínú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, kọ́ńtáàtì wà níbẹ̀, ìdérí dísírábútọ̀ wà níbẹ̀, pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, fáànù bẹ́líìtì kan, àti rótò. Owó ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé òrùlé yàrá Sáyẹ́ǹsì ń jò, mo sì ti san tèmi nínú owó òrùlé, akápò lè jẹ́rìí. Ọmọ ọ̀gá tí mo pè lórí fóònù sọ fún mi pé ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, pé kò tíì rìn láti 2014, pé adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n irin, ọ̀gá sì lé wọn. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ lo ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá lè rìn, kí ó rìn kúrò níbẹ̀. Bí kò bá lè rìn, lẹ́yìn ọdún tuntun, irin ni.

Nítorí náà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, mẹkáníìkì kan ń bọ̀ láti Iléṣà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó mọ Ìjàpá, ó sì ti sọ fún mi pé kí n má fọkàn sí rótò nìkan, pé ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì ti gan, kí táǹkì sì ti dípẹtà. Mo ti gba tirẹ̀. Bátìrì wà, táyà mẹ́rin wà tí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́ta yẹn rà láì jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. A ó nílò okùn, a ó sì nílò àwọn tí yóò tì í. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní JSS nígbà náà, tí ẹ tì í láì mọ ìdí tí kò fi jí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, ẹ má wá bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ̀yin méjì tó kù, ẹ ti mọ̀ pé mo ń retí yín.

Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde. Mo ń mú un bọ̀ wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí.